Ẹ Má Jẹ́ Kí Orúkọ Àti Owó Pínyà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa yín. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kọ́gbọ́n, nítorí ojú tì mí gidigidi kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àjọ kan ní àdúgbò wa. Olúkúlùkù ń dá iye tí agbára rẹ̀ ká, bí ó bá sì di oṣù Kejìlá, a ó pín owó fún àwọn tí ó ni ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń pín in, bí orúkọ bá sì ṣe tò nínú ìwé ni a ṣe ń pè wọ́n. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ́dún yìí, ìsàlẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a rẹ́ òun jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ̀ pé ẹni tí ó bá tètè gba owó ni yóò tètè ra ọjà ọdún kí ó tó wọ́n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọbìnrin tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ni ó bá wa gbé ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí olúkúlùkù lè máa wo owó rẹ̀ lórí fóònù. Èdè tí ó fi kọ ọ́ ni wọ́n ń pè ní PHP. Ọ̀gbẹ́ni Rasmus Lerdorf, ẹni tí a bí ní Greenland, ni ó bẹ̀rẹ̀ èdè yìí ní 1994, ó sì fi lé aráyé lọ́wọ́ ní 1995. Nínú PHP, ìwé àjọ wa rí báyìí (orúkọ àti owó àpẹẹrẹ ni mo lò o):

$ajo = ['Yínká' => 45000, 'Ṣadé' => 30000, 'Adé' => 60000];

Ẹ wò ó bí ìwé gbèsè tí ẹ ń kọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ wà lápá òsì, owó wà lápá ọ̀tún. Orúkọ yẹn ni a ń pè ní kọ́kọ́rọ́, nítorí òun ni a fi ń ṣí àpótí tí owó wà nínú rẹ̀. Bí a bá ṣe kọ wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni PHP yóò ṣe tọ́jú wọn. Kò ní tò wọ́n àfi bí a bá ní kí ó tò wọ́n.

Èmi náà ti kọ́ díẹ̀ nínú èdè yìí, mo sì rò pé mo ti gbọ́n. Nígbà tí ọmọ náà lọ sí Abẹ́òkúta, mo ní kí n to orúkọ ní a-b-d, gẹ́gẹ́ bí a ti ń to orúkọ ọmọ ilé-ìwé. Mo rí àṣẹ kan tí ń jẹ́ sort, èyí ni "tò ó". Mo kọ sort($ajo), mo sì lọ sùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ariwo ti gba ẹnu ọ̀nà mi. "Bàbá Akọ̀wé! Ẹ jáde síta o! Orúkọ mi dà?" Mo wo fóònù, àyà mi là gààrà. Orúkọ kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. 0, 1, 2, 3 ni mo rí níbi tí orúkọ wà tẹ́lẹ̀, owó sì tò láti orí èyí tí ó kéré jù dé èyí tí ó pọ̀ jù. Owó pé, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ èwo ni tirẹ̀? Obìnrin kan tí ó fẹ́ fi tirẹ̀ san owó ilé-ìwé ọmọ bú sẹ́kún. Ẹlòmíràn ní, "Bàbá, a ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà lè ṣe báyìí." Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ̀wé àjọ, ẹnikẹ́ni kò fẹ̀sùn kọ́bọ̀ kàn mí rí.

Ìwé àtijọ́ tí mo fi ọwọ́ kọ ni ó yọ mí. Mo kà á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rọlẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà dé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ kú wàhálà, Bàbá. Sort kì í wo orúkọ. Owó ni ó ń tò, á sì da gbogbo orúkọ nù, á fi nọ́ńbà rọ́pò wọn. Ọlọ́run yọ yín pé ojú-ewé nìkan ni ẹ bàjẹ́, ẹ kò fi í pamọ́ lé ìwé gan-an lórí. ksort ni ẹ̀ ń wá. Ti kọ́kọ́rọ́ ni K iwájú rẹ̀: orúkọ ni yóò tò, olúkúlùkù yóò sì gbé owó rẹ̀ dání lọ sí àyè tuntun." Ó ní bí ó bá jẹ́ iye owó ni mo fẹ́ fi tò ó láìpàdánù orúkọ, asort ni, bí mo bá fẹ́ to orúkọ láti ẹ̀yìn wá, krsort ni.

Mo tún ṣe é kù. Mo kọ $tuntun = ksort($ajo), mo tẹ $tuntun jáde, nọ́ńbà 1 péré ni mo rí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bí ẹ bá rán ọmọ pé kí ó to àwo, ṣé àwo tuntun ni yóò gbé fún yín? Á tò ó síbi tí ó wà, á sì dáhùn pé òun ti tò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ksort. Inú $ajo gan-an ni kí ẹ wò."

Mo wò ó, orúkọ ti tò, àfi pé lẹ́yìn Yínká ni Ṣadé, Ẹ̀bùn àti Ọlá wà. Ẹ̀yin olùkọ́, láti ìgbà wo ni Ẹ ti wá lẹ́yìn Y? Gbénga sì ṣíwájú Gòkè, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan ni GB nínú lẹ́tà 25 tí a ń kọ́ ọmọ, ẹ̀yìn G ni ó sì wà. Ẹ̀rọ kò mọ a-b-d wa. Nọ́ńbà tí a fi pa lẹ́tà mọ́ sínú rẹ̀ ni ó ń wò. Ti A títí dé Z kéré, ti Ẹ, Ọ àti Ṣ sì wà lọ́nà jíjìn. Ìyẹn ni pé tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ẹ̀bùn tí ó yẹ kí ó gba owó lọ́jọ́ kìíní, ọjọ́ kẹta ni yóò gbà á, nítorí àmì kékeré tí ó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ náà fi ìlà méjì tún un ṣe, lórí ẹ̀rọ tí ó ní ẹ̀ka intl:

$eleto = new Collator('yo');
uksort($ajo, [$eleto, 'compare']);

Ìlà kìíní pe ẹni tí ó mọ a-b-d Yorùbá. Ìlà kejì ní kí a to kọ́kọ́rọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni náà bá ti wí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ó tò báyìí: Adé, Ẹ̀bùn, Gòkè, Gbénga, Ọlá, Ṣadé, Yínká. Fún ọdún tí a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, array_reverse ni a ó fi yí i padà.

Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ti ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Kí ẹ tó to ìwékíwèé, ẹ bi ara yín pé kí ni ẹ fẹ́ fi tò ó, orúkọ ni tàbí owó? Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ má ṣe ju ìwé àtijọ́ nù. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Owó tí kò ní orúkọ, ìjà ni yóò dá sílẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.