Oògùn Koríko Kò Gbọdọ̀ Di Májèlé Omi Wa

Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ni a fi ojú ewé yìí sọ lọ́sẹ̀ yìí. Wọn yóò bèèrè pé, nígbà tí owó oúnjẹ kò dúró lójú kan, kí ni ti ọ̀pọ̀lọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìlú? Èsì wa kò gùn. Àwọn baba wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sì tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Oògùn apakoríko tí a ń fọ́n sí oko ìrẹsì láìbìkítà ni kòkòrò búburú náà. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ni ó kọ́kọ́ ń kú. Ṣùgbọ́n àwa ni hẹ̀rẹ̀-huru náà kò ní jẹ́ kí ó sùn.

Ẹni tí ó bá mọ Ìjànikin mọ̀ pé ilẹ̀ omi ni. Láti Okokomáíkò àti Ìbà dé Òtò, títí fi dé Àgbádárìgì, àbàtà àti ọ̀sà ni ó yí àwọn Àwórì àti àwọn Ẹ̀gùn ká. Odò Òwò ń ṣàn wọ inú ọ̀sà Ológè. Ọ̀sà Ológè sì ní ọ̀nà tí ó fi ń bá omi Àgbádárìgì pàdé. Inú odò Òwò yìí kan náà ni iléeṣẹ́ omi Ìṣàṣì ti ń fa omi tí wọ́n ń sẹ́ fún ará ìlú láti mu. Nítorí náà, ohun tí a bá dà sí apá kan omi wa, a kò lè sọ pé apá kejì kò ní gbọ́ nípa rẹ̀.

Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà, tí àbàtà bá kún, àwọn ọ̀pọ̀lọ́, kọ̀ǹkọ̀ àti àkèré a máa yé ẹyin sínú omi. Ẹyin náà a pa, a sì di ọmọ onírù tí kò lẹ́sẹ̀, tí ń mí nínú omi bí ẹja. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ohunkóhun tí ó bá wà nínú omi fi ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àkókò òjò yìí kan náà ni àgbẹ̀ onírẹsì ń túlẹ̀, tí ó ń gbìn, tí ó sì ń gbé páǹpù oògùn kọ́ ẹ̀yìn. Ìgbà tí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ kò lágbára rárá ni ìgbà tí oògùn pọ̀ jù lọ nínú omi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. Àwa kò lòdì sí oko ìrẹsì. Orílẹ̀-èdè tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ kò tíì gba òmìnira tán. A rántí ètò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù Bélú ọdún 2015 láti yá àwọn àgbẹ̀ lówó. A rántí bí wọ́n ti ti ẹnubodè ilẹ̀ pa ní oṣù Ògún ọdún 2019, tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020, nítorí ìrẹsì tí ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà kọ́ ilé ìlọ-ìrẹsì sí Ìmọ́tà, tí wọ́n ṣí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, tí agbára rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìrẹsì púpọ̀, ìrẹsì púpọ̀ ń fẹ́ àbàtà púpọ̀, àbàtà púpọ̀ sì ní koríko púpọ̀. Ibẹ̀ ni oògùn ti wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí oògùn náà ń ṣe. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní erékùṣù Taiwan tẹ ìwádìí jáde lórí butachlor, èyí tí àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ibẹ̀ ń lò ju àwọn oògùn koríko yòókù lọ, tí a sì ń tà ní Nàìjíríà náà. Wọ́n rí i pé bí mílígíráàmù 0.87 bá wà nínú lítà omi kan, ìdajì àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi náà yóò kú láàárín wákàtí 96, èyí tí í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n mílígíráàmù 4.8 nínú lítà kan ni ìwọ̀n tí a là sílẹ̀ fún àgbẹ̀ láti lò. Kí ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Àgbẹ̀ tí ó ka ìwé ara ìgò, tí ó ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti wí, tí kò fi ẹ̀kán kan lé e, ti kọjá ìwọ̀n ikú náà ní ìlọ́po márùn-ún. Òtítọ́ ni pé oògùn yìí a máa tètè bàjẹ́ nínú omi, síbẹ̀ ìṣirò wọn fi hàn pé nǹkan bí wákàtí 126 ni agbára rẹ̀ yóò fi tó láti pa àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́.

Àwọn tí kò kú kò bọ́ pátápátá. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó hu ẹsẹ̀. Ohun tí kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n tí a là sílẹ̀ lọ tó láti ba ohun àjogúnbá inú ara wọn jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ìwà àbàtà lè rò pé pípẹ́ kò burú. Àbàtà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí kò bá hu ẹsẹ̀ kí omi tó gbẹ, ikú ni tirẹ̀. Omi tó tán lẹ́yìn ẹja ni ó sọ ọ́ di èrò ìṣasùn.

Kì í ṣe butachlor nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2005, Ọ̀mọ̀wé Rick Relyea ti Yunifásítì Pittsburgh dán Roundup wò, oògùn tí glyphosate wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìpín 96 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi ni ó ti kú. Ọṣẹ tí a pò mọ́ oògùn náà kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé ni àwọn onímọ̀ ka ẹ̀bi tí ó pọ̀ jù sí lọ́rùn. Ní ọdún 2016, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dè é pé a kò gbọdọ̀ po irú ọṣẹ náà mọ́ glyphosate mọ́.

Atrazine ńkọ́? Oògùn oko àgbàdo ni, ṣùgbọ́n àgbàrá òjò a máa gbé e lọ sínú odò. Ní ọdún 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tyrone Hayes ti Yunifásítì California àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun tí wọ́n rí lára akọ ọ̀pọ̀lọ́ 40, irú èyí tí ó wá láti ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín. Wọ́n tọ́ wọn nínú omi tí atrazine inú rẹ̀ kò ju ìdá 2.5 nínú bílíọ̀nù kan lọ. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn di aláìlèbímọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá sì di abo tí ń yé ẹyin. Iléeṣẹ́ tí ń ṣe oògùn náà bá a jiyàn gidigidi. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé ẹjọ́ òyìnbó lásán ni. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ Ezemonye àti Tongo ti Yunifásítì Benin, ní ilẹ̀ Nàìjíríà yìí, tẹ ìwádìí tiwọn jáde lórí bí atrazine ṣe ń pa ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ àti bí ó ṣe ń pa á lára.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan iyì wa gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti yọ atrazine kúrò ní oko wọn láti ọdún 2004; ilé ẹjọ́ wọn sì fagi lé àṣẹ paraquat ní ọdún 2007. Síbẹ̀, ní ọdún 2018, àwọn ìjọba ibẹ̀, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ aṣáájú wọn, fọwọ́ sí i pé kí a kó oògùn oko tí ó ju tọ́ọ̀nù 81,000 lọ sí òkè òkun, tí ó jẹ́ irú èyí tí wọn kò gbà kí àgbẹ̀ tiwọn lò mọ́. Ohun tí kò dára fún ọ̀pọ̀lọ́ wọn, ṣé ó wá dára fún ọmọ wa? Ẹni tí ó bá ta ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò lè jẹ fún aládùúgbò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ aládùúgbò náà.

Àwa náà kò jókòó lásán. Àjọ NAFDAC ti fi òfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, ó sì fi òfin de atrazine láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025. A yìn wọ́n fún èyí. Ṣùgbọ́n òfin tí kò dé orí àtẹ ọjà, ìwé lásán ni.

Bí ọkàn ẹnikẹ́ni kò bá tíì yọ́ sí ọ̀pọ̀lọ́, kí ó yọ́ sí ara rẹ̀. Ní Costa Rica àti Panama, láàárín ọdún 1980 sí ọdún 2000 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àrùn kan pa àwọn ọ̀pọ̀lọ́ run ní agbègbè kan tẹ̀ lé òmíràn. Olú ni ó fa àrùn náà, kì í ṣe oògùn koríko. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ ìwé àwọn aláìsàn wò fi hàn ní ọdún 2022 pé, ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ bá ti tán, ibà a gbilẹ̀ níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ ẹ̀fọn, ẹja àti ẹyẹ sì ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́. Àwa ará Ìjànikin tí ẹ̀fọn ń kọrin sí létí lálaalẹ́, ṣé àwa ni ó yẹ kí a máa pa ọmọ-ogun tí ń bá wa jà?

A kò bá àgbẹ̀ wí. Ẹni tí ó bá ti fi ọkọ́ ro àbàtà rí mọ ohun tí ẹ̀yìn ń jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìbá bá a roko ti gba ọjà Alábà lọ, àwọn tí ó kù sì ń bèèrè owó tí èrè oko kò lè san. Ìgò oògùn kan ń ṣe iṣẹ́ alágbàṣe púpọ̀. Ẹni tí ó bá ní kí àgbẹ̀ ju ìgò náà nù, tí kò sì fi nǹkan mìíràn lé e lọ́wọ́, ó kàn ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ ni. Nítorí náà, àwọn ohun tí a ń bèèrè nìyí.

Èkíní, kí NAFDAC àti àwọn aṣọ́bodè máa yẹ àwọn ọjà wò láti ìgbà dé ìgbà, kí wọ́n sì kó gbogbo oògùn tí òfin ti dè kúrò. Kí wọ́n fi òpin sí àṣà bíbu oògùn sínú ìgò tí kò ní orúkọ.

Èkejì, kí a kọ ìlànà lílò oògùn ní èdè Yorùbá àti èdè Ẹ̀gùn sí ara ìgò, ní lẹ́tà tí ojú àgbà lè rí. Àgbẹ̀ tí kò lè ka ìkìlọ̀, a kò kì í nílọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pa á láṣẹ pé a kò gbọdọ̀ fọ́n oògùn sí etí odò, etí ọ̀sà àti etí kànga, kí a sì sé omi oko ìrẹsì mọ́ fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí a bá fọ́n oògùn, kí a tó jẹ́ kí ó ṣàn jáde.

Ẹ̀kẹrin, kí a wọn omi wa. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́ láti ọdún 1983. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà ní Òtò-Ìjànikin náà ti di yunifásítì láti ọdún 2022. Yunifásítì méjì ni ó jókòó ti omi yìí! Kí ìjọba fún wọn lówó láti máa yẹ odò Òwò, ọ̀sà Ológè àti àwọn àbàtà wò ní àkókò òjò lọ́dọọdún, kí wọ́n ka ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú rẹ̀, kí wọ́n sì kéde ohun tí wọ́n bá rí fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀karùn-ún, kí a ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Bí a bá gbin ìrẹsì ní ìlà tí ó tọ́, a lè fi ẹ̀rọ ìroko tí a ń fi ọwọ́ tì kọjá láàárín rẹ̀. Bí a bá tẹ́ ilẹ̀ dọ́gba tí omi sì bò ó dáadáa, ọ̀pọ̀ koríko kò ní lè hù. Àjọ AfricaRice ní ibùdó ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí wa. Owó tí a ń fi ra oògùn fún àgbẹ̀, kí a fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà, Okokomáíkò àti Ìjànikin, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di kọ̀ǹkọ̀ jabele, kí kálukú máa ṣe tirẹ̀. Ẹ bá àwọn baálẹ̀ yín sọ̀rọ̀, ẹ bá àwọn káńsílọ̀ yín sọ̀rọ̀, ẹ bi àwọn tí ń tọrọ ìbò yín ní ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i. Ìrẹsì tiwa ni a fẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ fi omi tiwa san owó rẹ̀. Ohun tí a kò bá fẹ́ kí ó bàjẹ́, ojú ni a fi ń tó o. Ìgbà òjò ni a óò fi mọ̀ bóyá a tó o: níbi tí àbàtà ti kún, tí a kò sì gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀lọ́ kan, kí a mọ̀ pé a ti pẹ́ jù.