Bí Bàbá Ṣe Ń Di Ejò Nínú Fíìmù

Òǹkàwé wa kan tó ń gbé ní Clara Town, nítòsí èbúté Freeport ní Monrovia, kọ̀wé sí wa pé ọmọ òun, ọmọ ọdún 7, kò gbà láti dá sùn mọ́. Fíìmù Nàìjíríà tó wò nílé aládùúgbò ló fà á: bàbá kan ṣàdédé di ejò. Ìyá ní irọ́ ni. Ọmọ ní òun fojú òun rí i.

Òótọ́ sì ni, ó rí i. Lójú tiwa, "irọ́ ni" kò tó. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ṣe é hàn án.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Georges Méliès, onídán ará Faransé, ti ń lò ó lọ́dún 1896. Ó ní kámẹ́rà òun há nígbà tí òun ń ya òpópónà kan ní Paris. Kó tó tún ṣiṣẹ́, ọkọ̀ èrò ti kọjá, ọkọ̀ òkú ti dé ibẹ̀. Nígbà tó wo àwòrán náà, àfi bíi pé ọkọ̀ èrò di ọkọ̀ òkú! Àwọn òbí wa tó wo *Aiyé* ti Hubert Ogunde lọ́dún 1979 mọ irú ẹ̀rù tí àrà báyìí ń dá bani.

Ti ejò nìyí: kámẹ́rà dúró sójú kan, òṣèré náà dúró. Wọ́n pa kámẹ́rà, òṣèré kúrò, wọ́n gbé ejò síbẹ̀, wọ́n tún tan kámẹ́rà. Wọ́n so méjèèjì pọ̀, ó tán. Iná tó ń jáde lọ́wọ́ babaláwo ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yà á sí i lẹ́yìn. Ọwọ́ lásán ni òṣèré nà. (Bí wọn kì í ṣeé rẹ́rìn-ín ló yà wá lẹ́nu.) Ẹni tó ń fò lójú ọ̀run sì rèé, iwájú aṣọ aláwọ̀ ewé ló wà. Kọ̀ǹpútà á yọ gbogbo àwọ̀ ewé kúrò, á fi òfuurufú dípò rẹ̀. Bí òṣèré bá ṣèèṣì wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ni yóò kù.

Ẹ dán ti ejò wò nílé. Ẹ fi bíríkì méjì há fóònù kó má mì. Kí ọmọ jẹ́ olùdarí, kí ìyá jẹ́ ẹni tí yóò di sálúbàtà. Níbi tí ilé ti fún mọ́ra bíi ti Clara Town, ẹ wá àkókò tí èrò kò pọ̀ lágbàlá. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ láàárín ìyá àti sálúbàtà, torí bí òjìji bá ti yí, ọmọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ rí i.