ÀRÙN TÍ Ó JẸ ÌDÍLÉ ỌBA TỌ́KÌ RUN

Kò sí ọmọ Èkó kan tí kò mọ orúkọ Shitta-Bey. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1894, ni a ṣí mọ́ṣáláṣí tí olóògbé Mohammed Shitta, oníṣòwò pàtàkì nì, kọ́ sí ìlú wa. Nígbà náà ni a sì fi oyè Bey dá a lọ́lá, èyí tí Sultan Abdul Hamid Kejì, ọba ilẹ̀ Tọ́kì, fi ránṣẹ́ sí i. Ọlá ńlá ni, kò sì tíì parẹ́ lórí ìlú wa. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó béèrè rí bí ọba tí ó fi oyè náà ránṣẹ́ ti ṣe dé orí ìtẹ́.

Èsì ìbéèrè yìí kò dùn ún gbọ́. L'ọ́dún 1876 nìkan, ọba mẹ́ta ni ó jókòó lórí ìtẹ́ Tọ́kì. A yọ Abdülaziz lóyè ní oṣù Karùn-ún. A fi Murad Karùn-ún, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jọba. Kò lò ju ọjọ́ 93 lọ tí a fi wí pé orí rẹ̀ kò pé mọ́, tí a sì fi Abdul Hamid, àbúrò rẹ̀, dípò rẹ̀. A ti Murad mọ́ ààfin Çırağan, níbẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú l'ọ́dún 1904. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí Èkó ń yọ̀ nítorí oyè Bey, ẹ̀gbọ́n ẹni tí ó fi oyè náà ránṣẹ́ wà ní àhámọ́ láti ọdún 18 sẹ́yìn.

A kò sọ èyí láti tàbùkù oyè náà tàbí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. À ń sọ ọ́ nítorí pé àrùn náà ti pẹ́ lára ìdílé yìí kí a tó bí Abdul Hamid, ó sì yẹ kí àwa náà mọ orísun rẹ̀.

Ìdílé Osman bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní nǹkan bí ọdún 1299, ṣùgbọ́n wọn kò ní òfin tí ó sọ èwo nínú àwọn ọmọ ni yóò jọba. Gbogbo ọmọkùnrin ọba ni ó ní ẹ̀tọ́. Ẹni tí ó bá ṣẹ́gun àwọn ìyókù, wọ́n á ní òun ni Ọlọ́run yàn. L'ọ́dún 1402, Timur mú Bayezid Kìíní ní ìgbèkùn lójú ogun Ankara. Àwọn ọmọ rẹ̀ dojú ìjà kọ ara wọn fún ọdún 11, kí Mehmed Kìíní tó borí l'ọ́dún 1413. Ọ̀tá òde ti lọ tán. Ti inú ilé ni ó kù.

Mehmed Kejì, ẹni tí ó gba Constantinople l'ọ́dún 1453, wá oògùn sí i. Nínú ìwé òfin tí a ń pè ní tirẹ̀, a kọ ọ́ pé ọmọ tí ó bá jọba lè pa àwọn arákùnrin rẹ̀, kí ayé lè tòrò. Ǹjẹ́ ayé tòrò bí? Ọba náà kú l'ọ́dún 1481, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Bayezid Kejì àti Cem, sì gbé idà sí ara wọn. Cem sá lọ bá àwọn Kristẹni ní Rhodes. Títí ó fi kú ní Naples l'ọ́dún 1495 ni Bayezid ń sanwó lọ́dọọdún kí wọ́n má ṣe tú u sílẹ̀. L'ọ́dún 1512, Selim lé Bayezid yìí kan náà, baba tí ó bí i, kúrò lórí ìtẹ́. L'ọ́dún 1553, Süleyman ńlá nì pàṣẹ kí a fún Mustafa, ọmọ rẹ̀, lọ́rùn pa. L'ọ́dún 1595 ni ti Mehmed Kẹta wá borí gbogbo rẹ̀: bí ó ti gorí ìtẹ́, ó pa arákùnrin rẹ̀ 19, a sì sin wọ́n sí ẹ̀bá baba wọn.

Àánú ṣe ará ìlú. Ahmed Kìíní, tí ó jọba l'ọ́dún 1603 ní ọmọ ọdún 13, dá Mustafa àbúrò rẹ̀ sí. Nígbà tí Ahmed kú l'ọ́dún 1617, Mustafa ni ó jọba. Láti ìgbà náà ni àgbà ìdílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò. Ṣùgbọ́n oògùn kejì yìí bí àrùn tirẹ̀. A ń sé àwọn ọmọ ọba mọ́ inú ààfin, níbi tí àwọn Tọ́kì ń pè ní kafes, èyí tí í ṣe àgò ẹyẹ. Nígbà tí wọ́n wá mú Ibrahim lọ jọba l'ọ́dún 1640, ẹ̀rù bà á, ó rò pé ikú ni wọ́n mú wá, àfi ìgbà tí ó fi ojú rí òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Süleyman Kejì ti wà ní àhámọ́ fún bí 40 ọdún kí ó tó jọba l'ọ́dún 1687. Àwọn baba wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Báwo ni ẹni tí kò rí ọjà rí yóò ṣe mọ bí ìlú ti ń jẹun?

Bóyá olùkàwé kan yóò dá wa lóhùn pé ìjọba tí ó lo ọdún 600 kò lè ṣàìní ọgbọ́n nínú. A gbà bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ l'óòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ẹ̀jẹ̀ tí ó fi ra ọdún wọ̀nyẹn, kí ẹ sì wo ìparí rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1922, ìgbìmọ̀ aṣòfin Tọ́kì fi òpin sí oyè Sultan. Ní oṣù Kẹta ọdún 1924, wọ́n lé gbogbo ìdílé náà kúrò ní ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó jọba àti ẹni tí a fi oyè dù, ìlẹ̀kùn kan náà ni gbogbo wọn gbà jáde.

Ní èrò tiwa, kì í ṣe ìwà ìkà nìkan ni ó fa èyí. Ohun tí ó fà á ni pé ẹnì kan ni yóò mú gbogbo rẹ̀, àwọn ìyókù kì yóò sì ní nǹkan kan, àní ẹ̀mí wọn pàápàá. Ọmọ tí ó mọ̀ pé bí òun kò bá jọba òun yóò kú, kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe bí kò ṣe kí ó jà? Ibi tí ẹni tí a kò yàn bá ní ìpín àti ọlá tirẹ̀, níbẹ̀ ni ó ti lè gba kámú.

Ẹ̀yin baálé ilé àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ka ìwé yìí, a mọ̀ pé ẹ kò ní ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní ilé, ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì ní ọmọ tí ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ má ṣe dákẹ́ títí ikú yóò fi dé. Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn ẹni tí yóò di ilé mú, kí ẹ sì fi ìpín sílẹ̀ fún ẹni tí kò dì í mú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí a bá sin baba ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sin ilé náà.