Títẹ Bọ́tìnì Kọ́ Ni Ìmọ̀

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní Microsoft Access, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, owó ọlọ́wọ́ ni wọ́n ń jẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti jókòó, "tẹ ibí, tẹ ọ̀hún" ló kù. Wọn kì í bi í léèrè ohun tó fẹ́ kó pamọ́.

Bírò àti ìwé ni mo ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìyá tó ń ta aṣọ láwìn. Bí a bá ń tún orúkọ oníbàárà kọ nígbàkígbà tó bá ra ọjà, lónìí a ó kọ "Ìyá Bọ́sẹ̀", lọ́la "Màmá Bọ́sẹ̀". Kọ̀ǹpútà á kà wọ́n sí ènìyàn méjì. Ta ló wá jẹ gbèsè? Àmọ́ bí a bá kọ àwọn oníbàárà sí àtẹ kan, tí a kọ ọjà tí wọ́n rà sí àtẹ kejì, tí nọ́ńbà oníbàárà so méjèèjì pọ̀, ìjà parí.

Ọgbọ́n yìí ti wà kí bọ́tìnì tó dé. Edgar Codd kọ ọ́ jáde ní 1970. 1992 ni Access ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà.

Wọ́n á ní akẹ́kọ̀ọ́ ò ní sùúrù. Irọ́ ni! Olùkọ́ ni ò ní in. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ̀yin tó fẹ́ kọ́ ọ, olùkọ́ tí kò bá kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ yín, ẹ má sanwó fún un.