Àkọlé Tó Sọ Ọkọ̀ Di Ọkọ

Láràárọ̀ ni mo máa ń yà sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta ìwé ìròyìn ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Èmi ni mo máa ń ka àkọlé sókè fún àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ gàdàgbà síwájú pé: "OKO PA IYAWO ATI OMO MEJI." Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Bí mo ṣe rí "ìyàwó" nítòsí, "ọkọ" ni mo kà. Ìyá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa káwọ́ lérí, ó sì gbé ọkùnrin náà ṣépè. Àfi ìgbà tí mo ṣí inú ìwé: tírélà tí ìjánu rẹ̀ já ló gbá wọn pa. Àwòrán ọkọ obìnrin náà wà níbẹ̀, òun náà káwọ́ lérí, ó ń sunkún.

Ó dùn mí wọra. Ọ̀fọ̀ ṣẹ ọkùnrin yìí, àkọlé tún sọ ọ́ di apààyàn. Ọ̀pọ̀ ló sì ka àkọlé yẹn tí wọn kò ṣí inú ìwé rárá. Ẹyin lọ̀rọ̀, èpè ìyá alákàrà kò ṣeé kó mọ́.

Ẹ̀yin olóòtú, "Tírélà gbá ìyá àti ọmọ méjì pa" kò gba àyè jù. Bó bá sì jẹ́ "ọkọ̀" lẹ fẹ́ kọ, ẹ fi àmì sí i. Kọ̀ǹpútà àti fóònù ayé òde òní ń tẹ̀ ẹ́.

Àmì nìkan kọ́. Mo tún rí èyí: "Tísà àti ọ̀gá iléèwé jà, ló bá la igi mọ́ ọn lórí." Ta ló la igi mọ́ ta? "Ó" kan náà là ń lò fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà ẹ pe olúwarẹ̀ bó ṣe jẹ́: "Tísà la igi mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lórí." Ó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì yéni.

Láti 1859 tí Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta la ti ń fi Yorùbá gbé ìròyìn jáde. Iṣẹ́ tó dàgbà tó báyìí kò yẹ kó máa ṣi aráàlú lọ́nà.

Kí ìwé yín tó lọ sílé ìtẹ̀wé, ẹ gbé àkọlé fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà, kó kà á sókè. Bó bá ṣì í kà, ẹ tún un kọ.