Òfin Wà, Ọkọ̀ Ò Gbé Wọn: Ìlọ́po Owó Ọkọ̀ Làwọn Aláàbọ̀ Ara Ń San ní Bàrígà

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ló buwọ́ lu òfin náà lọ́dún 2011, òun ló sì bí LASODA, iléeṣẹ́ tó ń rí sọ́rọ̀ wọn. Ààrẹ Muhammadu Buhari náà buwọ́ lu ti ìjọba àpapọ̀ lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2019. Òfin ọ̀hún ní kí ọkọ̀ ìjọba, gáréèjì àti ibùdókọ̀ ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí ẹ̀rọ tí ẹni tó wà lórí àga onítáyà yóò fi wọlé. Ẹni tó bá ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ yóò san ìtanràn 100,000 náírà, iléeṣẹ́ yóò san mílíọ̀nù kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró ní Bàrígà láàárọ̀ yóò rí i pé òfin yìí ò tíì dé ẹnu ọ̀nà dáńfó. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ga, inú rẹ̀ há, kọ̀ńdọ́ sì ti ń pariwo "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ" kí táyà tó dúró. Awakọ̀ tó bá gbà láti gbé aláàbọ̀ ara, ó lè ní kó sanwó àga onítáyà rẹ̀ mọ́ tara rẹ̀, torí pé ó gbàyè èrò. Ẹni tí ò bá fẹ́ wàhálà á dá kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbà lódindi. Látìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún, ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti fò sókè.

Ọ̀rọ̀ ajé gan-an lèyí. Télọ̀, aránbàtà tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú tí owó ọkọ̀ bá ti jẹ èrè rẹ̀ tán, ilé ni yóò jókòó sí. Ìyà náà yóò wá dórí àwọn ará ilé rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ pàdánù ọwọ́ iṣẹ́, ọjà náà sì pàdánù oníbàárà.

Kì í ṣe ìwà ìkà awakọ̀ nìkan ló fà á. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń dá owó fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, àwọn agbèrò ń gba tiwọn, epo ò sì dínwó. Ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń ká àga onítáyà, èrò ló ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwàásù nìkan ò lè tán irú èyí.

Bọ́ọ̀sì BRT ti ń gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú kọjá ní Palmgrove àti Onípáànù láti ọdún 2008. Ọkọ̀ ojú irin Red Line náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbérò ní Yábàá lóṣù kẹwàá, ọdún 2024. Àmọ́ dáńfó àti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ láti Bàrígà débẹ̀. Ẹni tí ò lè dé ibùdókọ̀, kí ni ọkọ̀ tó dára fẹ́ ṣe fún un?

Ní London, kí ọdún 2005 tó parí ni gbogbo bọ́ọ̀sì, yàtọ̀ sáwọn ògbólógbòó díẹ̀, ti di ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tó ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìjọba ló kọ ọ́ sínú àdéhùn àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀.

Èkó náà lè ṣe é. Lọ́dún 2022, ìjọba gbé owó orí 800 náírà kalẹ̀ fún awakọ̀ èrò lójúmọ́. Kí wọ́n máa dín tiwọn kù fún awakọ̀ tó bá ń gbé aláàbọ̀ ara láìgba àlékún. Kí LAMATA sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tí wọ́n ń kó sádùúgbò, kí wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà wọn dáadáa, kí wọ́n máa ná Bàrígà sí Yábàá àti Palmgrove. Kí LASODA náà máa fi ìtanràn tó bá yẹ hàn fáráyé.

Ọjọ́ ogbó ń bọ̀, jàǹbá ọkọ̀ ò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa.