Ẹ Béèrè Gbèsè Kí Ẹ Tó Ra Ìpín
Àwọn tó ń lo iná oòrùn ń pọ̀ sí i lágbàáyé, síbẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì ń kógbá sílé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ìpín ìdókòòwò wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kò yé títí owó fi wọgbó. Ẹ wo Suntech ti ilẹ̀ Ṣáínà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì jù láyé nígbà náà: ní oṣù kẹta ọdún 2013, kò rí gbèsè 541 mílíọ̀nù dọ́là san. Kì í ṣe pé ọjà kò tà o. Gbogbo àwọn tó ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì ló sáré kọ́ ilé-iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, páńẹ́ẹ̀lì kún ìgboro, iye rẹ̀ já wálẹ̀, èrè sì di àwátì. Ohun tó dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ tan iná nílé rẹ̀ ló ba ti olówó ìpín jẹ́. First Solar ti Amẹ́ríkà náà jẹ nínú ìyà ọ̀hún: ìpín rẹ̀ tó lé ní 300 dọ́là ní 2008 kò tó 15 mọ́ ní 2012. Ṣùgbọ́n gbèsè kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì yè é. Nítorí náà, bí alágbàtà bá ń ka iye páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tà fún yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ìwé gbèsè hàn yín. Èmi ò ní fi owó ọmọ mi sí ibi tí wọ́n ti yá owó èlé kọ́ ilé-iṣẹ́ nígbà tí ọjà ń gbóná.